Orúkọ Tó Wà Lára Ìgò

Gbogbo àlejò tó bá wọ Karangwungu, abúlé wa, ló máa ń bi mí bí ọkọ mi ṣe yè. Màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mo bá sì parí, orí tèmi gan-an á tún dàrú. Mo mọ ohun tí mo rí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ngadi ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó fẹ́ mi, ó gba orúkọ àgbà bí gbogbo ọkùnrin ibí ṣe ń ṣe. Tálákà a máa gba orúkọ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ̀ kan wà tó ti ṣe sójà rí fún àwọn Òyìnbó, òun ló fárígá pé orúkọ ajagun ni ọmọ òun máa jẹ́, ló bá sọ ọ́ ní Jayasentika. Mo ti pè é nìyẹn kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, mi ò ní pè é mọ́. "Orúkọ yẹn" ni màá máa wí láti ibi tí a dé yìí lọ. Ó bá ọkùnrin náà mu nígbà yẹn ṣá. Ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ ròkè, ó máa ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, á dé oko á bá màlúù jà, tó bá ń bọ̀ nílé a ó ti máa gbọ́ orin rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Mo máa ń bú u. Èmi náà kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń dákẹ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà wọlé. Ibà tiwa á wá, á gbọn èèyàn jìgìjìgì, á sì lọ. Eléyìí wá, ó jókòó. Ọkùnrin tó ń fi èjìká fa ohun ìtúlẹ̀ onígi yọ láàárín àpáta wá di ẹni tí mo ń fi ọwọ́ kan gbé dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tí mo bá se tiwul, tí mo bu ìyẹ̀fun pákí náà fún un ní gbígbóná, tí mo fi tempe, ẹ̀wà sóyà kíkan tí a dín, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkèlè kan ló máa gbé mì, á sì yíjú sí ògiri. Poniyah, ọmọ wa kan ṣoṣo, á jókòó ti ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, á máa lé eṣinṣin. Ẹ̀rù bà mí. Ó bà mí débi pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣe ni mò ń ṣe.

Ìyá ọkọ mi ní inú rẹ̀ ló tutù. Ó gún àtalẹ̀ pọ̀ mọ́ ewé kíkorò, ó sè é di àgbo, mo sì ń fún un mu. Lẹ́yìn náà la ránṣẹ́ pe Bàbá Truna, àgbà tó ń bá wa ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọjọ́ ọjà kí a tó kọ́lé tàbí kí a tó gbéyàwó. Bàbá wo ọkọ mi, ó fi ìka ka ọjọ́ títí, ó mi orí.

"Àgbo kọ́ ló ń wá," ni Bàbá wí. "Orúkọ yẹn ló wúwo jù fún un. Ta ló rán yín pé kí ẹ gbé orúkọ ọ̀gágun lé ẹni tó ń ro oko àpáta lórí? Ẹ bá a sọ ọ́ kalẹ̀ kíá."

"Ṣé mi ò ti sọ bẹ́ẹ̀?" ni ìyá ọkọ mi wí. Bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan rí.

A dá sàráà ìyípadà orúkọ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wage, ọjọ́ ọjà wa. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà ni mo lọ yá ìkòkò ńlá nílé baálẹ̀, mo sì bá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan níwájú ilé. Ohun ìtúlẹ̀ onírin tí wọ́n kùn ní pupa wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ìlọgbàdo tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí wà níbẹ̀, àpótí ìgò sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ni ín ni Ọ̀gá Lengkong. Ará Manado ni, láti òdìkejì òkun, ó wọ bàtà, ó wọ kóòtù funfun, ilé iṣẹ́ àwọn Òyìnbó kan ní Semarang, ìlú ńlá etíkun, ló ń bá tajà. Èdè ọjà etíkun ló ń sọ, baálẹ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ọ̀gá náà wò mí lójú, ó ní, "Ìyá, ta ló ń ṣàìsàn nílé yín?"

Bí mo ṣe bú sẹ́kún nìyẹn. Kò tà á fún mi o, ọ̀fẹ́ ló fún mi ní ìgò kan. Ó ní ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Omi dúdú ni, ó ń rùn bíi ọtí, bíi káńfọ̀.

"Kí lorúkọ ọkọ yín?" ló bi mí.

Mo sọ orúkọ yẹn fún un. Kí ni kí n sọ? Orúkọ tó ń jẹ́ láàárọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a gbé kókó pupa àti kókó funfun tí a fi ìrẹsì sè kalẹ̀ lórí ẹní. Ìmáàmù Mustar ṣe àdúà, Bàbá Truna sì di orí ọkọ mi mú. Ó ní, "Láti òní lọ, Waras ló ń jẹ́. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ àná ti lọ. Kí ẹnikẹ́ni má pè é mọ́, kí òun náà má sì dáhùn, nítorí tó bá dáhùn, ohun tó dì mọ́ orúkọ yẹn á tún gùn ún padà." Ẹni tí ara rẹ̀ dá ni à ń pè ní Waras. Gbogbo wa ṣe àmín. Mo fún un ní kókó, mo fún un ní àgbo, mo fún un ní ṣíbí omi dúdú kan. Èwo ni mo kọ́kọ́ fún un? Tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn, mi ò lè sọ.

Kó tó di ọjọ́ ọjà míì, ó bèèrè oúnjẹ. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ máa fi rọ̀, ó ti ń dá rìn lọ sódò.

Ẹ wá wo ariwo! Bàbá Truna gba gbogbo ojúde kọjá, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ó kàn fẹ́ bọ́ ẹrù sílẹ̀ ni." Ìyá ọkọ mi ní kí Bàbá lọ jókòó, pé àgbo òun ni. Èmi ń ronú ìgò, ṣùgbọ́n mi ò lè yanu, nítorí mi ò fẹ́ bá àwọn méjèèjì jà, mi ò sì dá ara mi lójú. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá ní orúkọ ni. Bí mo bá ń fọ abọ́, màá ní ìgò ni. Tí ìyá ọkọ mi bá wá kí mi, àgbo ni.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dìde lórí ẹní yẹn kì í jà. Mo bu iyọ̀ jù sọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó lá abọ́ mọ́, ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ màlúù. Tó bá ń bọ̀ láti oko, mi ò ní mọ̀ àfi tí mo bá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní àìsàn ló rẹ̀ ẹ́, á padà bọ̀ sípò.

Ọ̀gá Lengkong padà dé nígbà tí àgbàdo ti ga dé orúnkún. Wọ́n fi ọkọ mi tó ń ru igi hàn án, ó fò sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó dì mọ́ ọn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Èèyàn rere ni. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé olè ni.

"Oògùn wa ló ṣe é!" ló ń pariwo. "Baálẹ̀, oògùn wa ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni baálẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fáwọn ọ̀gá mi ní Semarang!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Àwa tí a bí síbí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni baálẹ̀ kì í ṣe pé ó gbà, àlejò ni kò fẹ́ fi ojú tì. Ó yẹ kó sọ fún un pé a ti yí orúkọ padà. Mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní àlejò kò bèèrè.

Ìgbà tí a máa fi kórè, àwọn ìgò tuntun ti dé ọjà. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ara wọn, wọ́n ya ọkùnrin onírunmú kan tó gbé ohun ìtúlẹ̀ lé èjìká, wọ́n sì kọ orúkọ yẹn sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Tíṣà ilé ìwé ló kà á fún wa. Ó ní ohun tí wọ́n kọ ni pé, ará Karangwungu, ó kù díẹ̀ kó kú, ó mu ún, ó dìde. Ó ka orúkọ náà sókè, ohùn rẹ̀ sì dún káàkiri ọjà. Ìyá tó ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ gbà á lẹ́nu ìyá tófù. Orúkọ tí a ti fi kókó pupa lé lọ ti gba Semarang padà wálé, ó wà lára gbogbo ìgò, ó ń wọ ilé onílé, ẹni tí kò mọ̀ wá rí ń pè é.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni òtútù mú ọkọ mi.

"Òjò ló pa mí," ló wí.

"Òjò wo? Níbo lòjò ti rọ̀?"

"Bóyá omi odò ni."

Ó sùn, ó jí, ó yá díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ná ọjà, ara rẹ̀ á tutù. Àbí èmi ni mò ń fọwọ́ kàn án jù? Mi ò mọ̀. Mo gbé ìyókù omi dúdú náà jáde pé kí n fún un ní ṣíbí kan. Mo wo orúkọ tó ń mú àìsàn padà bọ̀, mo wo ohun tó ṣeé ṣe kó wo àìsàn náà, inú àpótí kan náà ni wọ́n ti ń wá. Mo tún dé ìgò náà padà.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Lengkong mú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wá. Ó ní àwọn èèyàn ìlú míì ń sọ pé irọ́ ni bébà ara ìgò, pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ọkọ mi kàn gun orí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Wage, kí òun pe orúkọ náà, kó dáhùn pé èmi nìyí. Ohun ìtúlẹ̀ onírin pupa yẹn á di tirẹ̀.

"Ó dára," ni ọkọ mi wí.

Mo dúró kí àlejò lọ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Poniyah, ṣé orí yín pé? Ẹ fẹ́ dáhùn?"

"Ìyá Poniyah, ìtúlẹ̀ onígi ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Oko wa, àpáta ni."

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣẹ́! Ẹ lé e bá, ẹ ní ẹ ò ṣe mọ́!"

"Mo ti sọ pé ó dára. Ojú á tì í tí n kò bá lọ."

"Ojú tiẹ̀ á tì í, èmi á wá sin yín, àbí? Ẹ bá mi jà! Ẹ tiẹ̀ bú mi!"

Kò bú mi. Ó ní kí n má bínú. Ọkọ tí mo fẹ́ ì bá ti ju ìkòkò síta. Mo jókòó sí ìdí ààrò, mi ò mọ èyí tó dùn mí jù, pé ó fẹ́ lọ ni tàbí pé kò bá mi jà.

Mo búra pé mi ò ní débẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Wage pé, mo ru agbọ̀n pákí gbígbẹ, mo lọ. Ọjà kún dẹ́múdẹ́mú. Giramafóònù ń kọrin lórí kẹ̀kẹ́, ẹnu rẹ̀ gbòòrò bí àwo. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya, ó wé láwàní tó mọ́, Poniyah di aṣọ rẹ̀ mú. Baálẹ̀ wà níbẹ̀ láti túmọ̀, Ìmáàmù Mustar náà ń ná tábà nítòsí. Ọ̀gá Lengkong pa orin náà, ó gbé ìgò sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ yìí? Ó ń bẹ níbí! Òun fúnra rẹ̀ máa dáhùn!"

Ó pe orúkọ yẹn. Ó tún pè é. Ẹsẹ̀ ọkọ mi kan gun kẹ̀kẹ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i tí ètè rẹ̀ là.

Mo ké. Agbọ̀n já bọ́ lórí mi, pákí fọ́n káàkiri. "Ó ti kú o! Ẹ yé pè é! Ọkọ mi ti kú!"

Ọ̀gá Lengkong bojú wò mí, ó mọ̀ mí, ẹni tó fún ní ìgò. "Ìyá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "nígbà wo ló kú?"

"Ọjọ́ tó mu oògùn yín."

Òótọ́ ni mo sọ. Ẹ wò ó, kí ni irọ́ níbẹ̀? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an la lé e lọ.

Ìyá tófù ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ẹ wá gbé òkú ẹni ẹlẹ́ni kọ́ ara ìgò? Kí ni kí àwa mu ún fún, kí a lè bá a lọ?"

"Ẹ gba ìgò yín o!" ni ẹlòmíràn pariwo. "Ọlọ́run ló kó mi yọ, àná ni ǹ bá mu ún!"

Wọ́n ń da omi dúdú sílẹ̀, àwọn kan ń ju ìgò padà sórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá Lengkong nàka sí ọkọ mi. "Ta wá ni eléyìí?"

"Waras ni," ni gbogbo ará Karangwungu wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àbúrò olóògbé ni? Òun ni mo dì mọ́ lọ́jọ́sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni baálẹ̀ wí.

Mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń sunkún. Ẹkún ẹ̀tàn ni mo kọ́kọ́ sun, kí wọ́n lè gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbà mí gbọ́ tán, tí mo ní kí n dákẹ́, ẹkún náà kò dá. Ó ń jáde ṣáá. Ọkọ mi sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ lára kẹ̀kẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa pákí sínú agbọ̀n fún mi.

Mo rò pé ó ti parí. Bí a ṣe délé, Ìmáàmù Mustar ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú Bàbá Truna.

"Ìyá Poniyah," ni Ìmáàmù wí, "mo wà lọ́jà lónìí. Mo gbọ́ yín."

"Ẹ gbọ́ mi kẹ̀. Ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà jẹ nínú kókó pupa yẹn, ẹ ṣe àmín."

"Mo ṣe àmín sí ẹni tó yí orúkọ padà. Èmi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú, àfi lónìí, lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, níwájú gbogbo ọjà. Orúkọ yẹn ni mo so yìgì yín mọ́. Obìnrin tó jẹ́rìí pé ọkọ òun ti kú kò lè tún wọlé lọ sùn ti ọkùnrin."

"Ọkùnrin wo? Ọkọ mi kọ́ nìyí?"

"Ṣé kò kú mọ́ ni?"

Ìmáàmù ní ọ̀nà méjì ló wà. Kí n padà sọ́jà lọ́jọ́ Wage tó ń bọ̀, kí n sọ níwájú gbogbo ayé pé irọ́ ni mo pa, ẹni náà wà láàyè. Tàbí kí n lọ jókòó tákàbà nílé ìyá mi, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí opó ṣe ń ṣe. Tí mo bá parí, tí Waras bá wá tọrọ mi, òun á so yìgì tuntun.

Mo kọjú sí Bàbá Truna. "Bàbá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá lọ sọ pé ó wà láàyè ńkọ́?"

"O ti pè é padà nìyẹn. Ìwọ tó jẹ́ aya rẹ̀, o pè é níwájú ọjà? Kò sí sàráà tó máa lé e lọ mọ́."

Mo ní kí n bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. "Bàbá Poniyah, kí la máa ṣe?"

"Bí o bá ṣe fẹ́," ló wí.

Ọkùnrin tó fẹ́ mi níjelòó ì bá ti lé Ìmáàmù dé odò. Ì bá ti ní kò sẹ́ni tó lè gba ìyàwó òun, orúkọ ni o, oògùn ni o. Eléyìí jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wà láàyè ṣá. Ohun tí mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn, kò sóhun míì tí mo tọrọ. Mo di aṣọ mi, mo mú Poniyah lọ́wọ́, mo lọ jókòó tákàbà fún ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mi.

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni Ọ̀gá Lengkong wá kí mi kú ara fẹ́ra kù, baálẹ̀ tẹ̀ lé e láti túmọ̀. Ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ìyá mi fẹ́ gbé omi tíì fún un, kò gbà. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ọ̀gá òun pé òun ò ní ta oògùn mọ́, ohun ìtúlẹ̀ nìkan lòun á máa tà.

"Mo rò pé mò ń ṣe yín lóore ni," ló wí. "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ṣé ó jìyà kó tó lọ?"

Ẹ gbà mí. Kí ni kí n sọ? Bí ó bá jẹ́ pé oògùn rẹ̀ ló wo ọkọ mi, ẹni tó gbà mí là ni mo ti sọ di apààyàn. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ni, bébà ara ìgò rẹ̀ ló fẹ́ pa á. Bí ó bá sì jẹ́ àgbo ni, àwa méjèèjì ń ṣe wàhálà lásán. Mo fẹ́ là á yé e, ṣùgbọ́n kí n tó là á yé e, mo gbọ́dọ̀ sọ pé ọkọ mi wà láàyè, ohun tí mo sì ń sá fún nìyẹn.

"Kò jìyà," mo wí. "Ẹ má dára yín lẹ́bi."

Ó sunkún jáde. Ojú tì mí gan-an.

Mo lérò pé tákàbà máa jẹ́ eré lásán, pé màá kàn máa hun ẹní, kí ọjọ́ máa lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ògiri. "Opó, ọkọ rẹ kọjá lọ sóko o!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ẹnì kan tó ń kọrin bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Mo fò dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọkùnrin aládùúgbò ni. Mo padà wọlé, mo dojú bo ẹní, mo sunkún títí ìyá mi fi wá gbé orí mi lé itan. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé, "Ìyá, ó ti kú lóòótọ́." Ó ti pẹ́ tó ti lọ, láti ọjọ́ kókó pupa yẹn, mi ò sì tíì sunkún rẹ̀ nítorí inú mi ń dùn pé ẹnì kan ń mí lórí ẹní.

Ìgbà tí òjò ń parí lọ ni Waras wá sí ẹ̀yìn ọgbà. Opó kò gbọ́dọ̀ gba ọkùnrin tó lè tọrọ rẹ̀ lálejò, kò sì wọlé. Ó dúró sí ìta ọgbà oparun, èmi wà nínú pẹ̀lú ẹní tí mò ń hun. Ó ti sanra. Èékánná rẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o," ló wí. "Mo gbọ́ pé opó kan wà nílé yìí."

"Ó wà níbí," mo wí. "Ẹ máa lọ. Ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ ti oparun. Lẹ́yìn náà ló ní, "Irú èèyàn wo ni?"

Mo sọ fún un. Mo sọ bó ṣe máa ń jà, bó ṣe ń kọ́lé fún mi tó fi ìbínú wó ògiri tó ti mọ parí nítorí ó wọ́, bó ṣe gbé mi kọjá odò lọ́jọ́ ìgbéyàwó tí omi kún, tó ń bú odò náà. Mi ò wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ tán bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ rí.

"Èmi ò lè ṣe bíi tiẹ̀ o," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Mo mọ̀," mo wí. "Ẹ tún padà wá lọ́la."